Ẹ̀BÙN TÍ A KÌ Í RÀ LỌ́JÀ

  

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà àdúgbò wa ránṣẹ́ sí mi pé kí n jọ̀wọ́ yà sí ilé òun. Ẹbí òun fẹ́ ṣe ìpàdé, òun sì fẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀wé wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ àbíkẹ́yìn ìyá yìí, ọmọbìnrin, ní ìwé kẹfà, nítorí náà "Tíṣà wa" ni ó ń pè mí títí di òní. Mo múra, mo lọ.

Àkọ́bí ìyá náà ni mo kọ́kọ́ rí. Káfíńtà ni, alágbára ọkùnrin ni mo sì mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àwọn dókítà ti sọ pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dẹ́kun iṣẹ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, owó ẹ̀rọ náà sì ti jẹ òwò ìyá rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ igbá. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni dókítà wá sọ pé bí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ bá lè fún un ní kíndìnrín kan, ó ṣeé ṣe kí ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó da ilé rú. Bàbá kan nínú ẹbí ní: "Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ṣé a ó wá gé ọmọ kan láti fi lẹ ọmọ kejì ni? Bí méjèèjì bá wá kú ńkọ́?" Ẹlòmíràn ní kí wọ́n dá owó jọ, kí wọ́n wá tálákà kan tí yóò ta tirẹ̀. Ni ìyá náà bá yíjú sí mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀: "Tíṣà wa, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè yọ kíndìnrín kan lára ènìyàn, kí onítọ̀hún má kú?"

Mo dákẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, n kò lè sọ ju "mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é" lọ. Ojú tì mí púpọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ka ìwé, mo bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n léèrè, nígbà tí ọ̀sẹ̀ sì pé, mo padà lọ. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo ń kọ sílẹ̀ fún yín yìí, nítorí kò sí ilé tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè kàn.

IṢẸ́ TÍ KÍNDÌNRÍN Ń ṢE

Kíndìnrín méjì ni Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ní ẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ egungun ìhà. Iwe ni Bíbélì Yorùbá pè é. Kò tóbi ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, ó sì rí bí ẹ̀wà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti sẹ́ ògì rí, iṣẹ́ asẹ́ ni ó ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru, òun a sì máa yọ ìdọ̀tí àti omi tí ara kò fẹ́ kúrò. Omi tí ó ń sẹ́ lára ẹ̀jẹ̀ wa ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó lítà 180, èyíinì ni kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 20 mẹ́sàn-án. Ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó ń dá padà fún ara. Nǹkan bí lítà kan ààbọ̀ péré ni ó ń jáde bí ìtọ̀.

Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jùlọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Lẹ́yìn wọn ni àìsàn tí ó ń mú kíndìnrín fúnra rẹ̀, àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, oògùn ara ríro tí a ń gbé mì bí ẹ̀pà, àti ìpara ìbóra tí wọ́n pò mọ́ mẹ́kúrì. Aburú rẹ̀ ni pé kíndìnrín kì í pariwo. Ó lè bàjẹ́ dé ìdajì kí ẹni tí ó ni ín má mọ nǹkan kan. Nígbà tí ojú àti ẹsẹ̀ bá wú, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Bí méjèèjì bá wá dákẹ́ pátápátá, ọ̀nà méjì ni ó kù. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí aláìsàn ní láti lọ dùbúlẹ̀ tì ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, títí ayé rẹ̀. Èkejì ni pé kí ẹlòmíràn fún un ní kíndìnrín kan.

Ẹni tí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan tí ó kù lára rẹ̀ a máa tóbi sí i, a sì máa gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ èkejì ṣe. Àwọn ènìyàn kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé kíndìnrín kan ṣoṣo ni wọ́n bí mọ́ wọn, tí wọn kò sì mọ̀ títí wọ́n fi dàgbà.

ÌBEJÌ MÉJÌ NÍ BOSTON

Àwa Yorùbá mọ ìbejì. Ilẹ̀ wa wà lára àwọn ibi tí a ti ń bí ìbejì jùlọ ní gbogbo ayé, ẹni tí ó bá sì dé Ìgbó-Ọrà yóò rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nígbà náà láti kà pé ìbejì ni ó la ọ̀nà iṣẹ́ ńlá yìí.

Ní ọdún 1931 ni a bí Richard àti Ronald Herrick ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ sì ni àwọn òbí wọn ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n jọra bí imú ti jọra. Nígbà tí ó di ọdún 1954, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 23, àìsàn kíndìnrín dá Richard dùbúlẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀ nígbà náà, ikú ni gbogbo ènìyàn ń retí. Ronald, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ ológun bọ̀, ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú tòun fún arákùnrin òun.

Ẹ má rò pé àwọn dókítà ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní Boston fò mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà wọ́n. Iṣẹ́ dókítà ni láti wo aláìsàn. Báwo ni yóò ṣe wá fi ọ̀bẹ kan ara ẹni tí kò ṣe ohunkóhun, tí iṣẹ́ abẹ náà kò sì ní ṣe ara rẹ̀ ní àǹfààní kankan? Wọ́n lọ fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn àlùfáà oríṣiríṣi ìjọ. Wọ́n sọ ewu tí ó wà níbẹ̀ fún Ronald láìfi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n gé awọ díẹ̀ lára ọ̀kan, wọ́n fi lẹ èkejì, láti wò ó bóyá ara yóò gbà á. Ara gbà á. Wọ́n tilẹ̀ mú wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde ni wọ́n.

Ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọ̀la yóò mọ́ fún iṣẹ́ abẹ, Richard tí ó ń kú lọ kọ ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí arákùnrin rẹ̀ nínú ilé ìwòsàn náà pé kí ó dìde kúrò níbẹ̀, kí ó máa lọ sílé. Ronald fèsì pé òun ti wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni òun yóò sì wà. Nígbà tí mo kà á dé ibí yìí, mo gbé ìwé kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ta ni kò mọ ẹni tí yóò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ìkejì rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀?

Ní ọjọ́ 23 oṣù December ọdún 1954, Dókítà Hartwell Harrison yọ kíndìnrín kan lára Ronald, Dókítà Joseph Murray sì tò ó sí ìsàlẹ̀ ikùn Richard, ó so ó mọ́ ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Bí wọ́n ti tú okùn tí wọ́n fi dí ìṣàn ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín náà pọ́n, ó jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìtọ̀ ń ṣàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní láti nù ún nílẹ̀ iyàrá. Kò sí ẹni tí ó bínú sí ìtọ̀ ní ọjọ́ náà.

Richard gbádùn. Ó fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ méjì. Ó lo ọdún mẹ́jọ kí àìsàn náà tó padà wá mú kíndìnrín tuntun náà. Ó kú ní oṣù March ọdún 1963. Ẹni tí yóò bá sọ pé ọdún mẹ́jọ kéré, kí ó bi àwọn ọmọ méjì náà léèrè. Ronald ní tirẹ̀ di olùkọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọdún 2010 ni ó tó kú, ní ẹni ọdún 79. Ọdún 56 ni ó fi gbé ayé lẹ́yìn tí ó ti fi kíndìnrín kan tọrẹ. Ní ọdún 1990, wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá Dókítà Murray àti dókítà Amẹ́ríkà mìíràn, E. Donnall Thomas, lọ́lá.

ỌLỌ́DẸ INÚ Ẹ̀JẸ̀

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ìbejì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Ìdí ni pé Ọlọ́run fi ọlọ́dẹ sínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wa. Ohun tí kì í bá ṣe ti ilé, bóyá kòkòrò àrùn ni tàbí ẹ̀yà ara ẹlòmíràn, ọlọ́dẹ yìí yóò dìde sí i. Ní oṣù December ọdún 1952, ní Paris, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jábọ́ láti orí àká tí àwọn bíríkìlà ń gùn, wọ́n sì yọ kíndìnrín rẹ̀ tí ó fọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo náà ni ó ní. Ìyá rẹ̀ fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Kíndìnrín ìyá ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọlọ́dẹ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ ọ́, ọmọ náà sì kú. Bí ìfẹ́ nìkan bá tó, ti ìyá ni ì bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan jáde nìkan ni ọlọ́dẹ kò lè dá mọ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé púpọ̀ jùlọ nínú ìbejì ilẹ̀ wa ni kì í ṣe irú èyí. Láti inú ẹyin méjì ni púpọ̀ nínú àwọn Táyé àti Kẹ́hìndé wa ti wá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ gbé inú pọ̀ ni wọ́n.

Àwọn onímọ̀ kò jókòó síbẹ̀. Wọ́n wá oògùn tí yóò máa pa ojú ọlọ́dẹ náà dé díẹ̀. Ní ọdún 1962, Dókítà Murray kan náà fi oògùn tí wọ́n ń pè ní azathioprine gbé kíndìnrín òkú fún aláìsàn tí kò bá a tan, kíndìnrín náà sì ṣiṣẹ́ ju ọdún kan lọ. Ní ọdún 1983, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òmíràn tí ó dára jù ú lọ, cyclosporine, èyí tí wọ́n rí láti ara olú kékeré kan tí ń gbé inú erùpẹ̀. Irú àwọn oògùn báyìí ni ó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n lè fún àbúrò, kí ọkọ lè fún aya, kí ọ̀rẹ́ sì lè fún ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba kíndìnrín gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ra fún àrùn, nítorí ọlọ́dẹ rẹ̀ ti ń tòògbé. Ẹni tí ó bá gbàgbé oògùn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò tí ó gbà á là.

Ọ̀DỌ́MỌBÌNRIN KAN NÍ CAPE TOWN

Ẹ̀bùn alààyè ni mo ti ń sọ láti àárọ̀. Ti ẹni tí ó ti kú náà wà, ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí sì ni èyí tí ó lókìkí jùlọ ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù December ọdún 1967, ní Cape Town, Denise Darvall, ọmọbìnrin ẹni ọdún 25, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ láti lọ ra àkàrà òyìnbó. Bí wọ́n ti ń sọdá títì, mọ́tò gbá wọn. Ìyá kú lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ Denise ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ̀rọ nìkan ni ó ń mí fún un. Àwọn dókítà wá bá bàbá rẹ̀, Edward Darvall, ẹni tí ó pàdánù ìyàwó àti ọmọ ní ọjọ́ kan náà, wọ́n bi í bóyá yóò jẹ́ kí wọ́n fi ọkàn ọmọ rẹ̀ gba ẹlòmíràn là. Bàbá náà ronú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó rántí bí ọmọ rẹ̀ ti lawọ́ tó, ó sì gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà Christiaan Barnard gbé ọkàn náà fún Louis Washkansky ní ilé ìwòsàn Groote Schuur. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ọkàn ènìyàn mìíràn fún. Ọjọ́ 18 ni ó lò kí àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó pa á, nítorí oògùn ti sọ ọlọ́dẹ ara rẹ̀ di aláìlágbára. Ọjọ́ 18 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ọkàn ẹlòmíràn gbà là lẹ́yìn rẹ̀.

Apá kan ìtàn yìí wà tí a kì í sábà gbọ́. Kíndìnrín Denise kan lọ sí ara ọmọkùnrin ọlọ́dún 10 kan tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ní àsìkò náà, òfin ìyàsọ́tọ̀ ilẹ̀ náà kò gbà kí dúdú àti funfun jọ jókòó lórí àga kan náà nínú ọgbà. Kíndìnrín wọ inú ara ọmọ náà, ó sì ṣiṣẹ́. Kò béèrè àwọ̀.

Lónìí, ara ẹnì kan tí ó ti kú lè gba ènìyàn mẹ́jọ là: ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró méjì, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín méjì, àmọ́ inú àti ìfun. Ìbòjú ẹyinjú rẹ̀ sì lè la ojú ẹni tí kò ríran.

NÍLÉ ŃKỌ́?

Kì í ṣe Boston tàbí Cape Town nìkan. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ kíndìnrín yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó. Ní ọdún 2002, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé gbogbo kíndìnrín tí a ti fi tọrẹ ní ilẹ̀ wa, alààyè ni ó fi í sílẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ wá lógún ju bí ó ti jẹ ẹlòmíràn lọ. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń jogún, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Àmì náà ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àìsàn kíndìnrín rẹ̀ ga. Ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ń retí kíndìnrín ń pẹ́ lórí ìlà ju àwọn funfun lọ, nítorí ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀yà wọn jọ ra ni ó ti ṣeé ṣe jùlọ láti rí èyí tí yóò bá ara mu, àwọn tí ó sì ń fi sílẹ̀ nínú wa kò pọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dá ẹni tí ó ní kí a lọ rà á lóhùn. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé a kò gbọdọ̀ yọ ẹ̀yà ara ẹni láìjẹ́ pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe kí ó sì gbà, ó sì ka títà àti ríra rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù March ọdún 2023, ilé ẹjọ́ Old Bailey ní London dá sẹ́nétọ̀ ilẹ̀ wa kan, ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan lẹ́bi. Ọmọbìnrin wọn ń ṣàìsàn kíndìnrín, wọ́n sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí ó ń ta nǹkan tẹlifóònù nínú ọmọlanke ní Èkó, lọ sí London, wọ́n ní mọ̀lẹ́bí ọmọ àwọn ni. Dókítà ilé ìwòsàn ibẹ̀ fura, kò gbà. Ẹ̀wọ̀n ni ó kẹ́yìn rẹ̀. Mo káàánú òbí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn náà ni ìyá. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ pé ẹni tí ebi bá ń lé kì í lè ná ọjà dáadáa. Ẹni tí ó ta kíndìnrín, ebi ni ó bá a tà á.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó Ń BÀ WÁ LẸ́RÙ

Èkíní, ikú. N kò ní purọ́ fún yín: iṣẹ́ abẹ ni, ewu sì wà níbẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, bíi ẹni mẹ́ta nínú 10,000 tí ó fi kíndìnrín tọrẹ ni ó kú láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gbọ́ oògùn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, wọn kì í sábà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ yẹ ara rẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Èkejì, ìsìnkú. Àwọn kan ní bí a bá sin ènìyàn láìpé, láìpé ni yóò tún ayé wá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n bàbá mélòó ni a ti sin láìní eyín kan lẹ́nu, tí àwọn ọmọ tí a sọ ní Babátúndé sì ń fi eyín wọn fọ́ egungun? Ohun tí a sin, ilẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀sìn. Ní ọdún 1988, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tí ó pàdé ní Jeddah sọ pé ó tọ́ láti fi ẹ̀yà ara gba ẹ̀mí là, bí a bá pa àwọn ìlànà rẹ̀ mọ́ tí a kò sì tà á. Ní ọdún 2000, Póòpù John Paul Kejì bá àwọn dókítà iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀ ní Róòmù, ó sì yìn ín bí iṣẹ́ ìfẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni pé àwọn dókítà yóò yára pa ènìyàn kí wọ́n lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ mú. Ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bí ó ti tọ́, àwọn dókítà tí ń kéde pé ènìyàn ti kú kì í ṣe àwọn tí yóò fi ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tiwa ni láti bèèrè ìlànà yìí lọ́wọ́ ilé ìwòsàn wa, kí a má sì dákẹ́ títí wọn yóò fi dá wa lóhùn.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN NÁÀ

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ẹbí náà ní ọjọ́ tí mo padà lọ. Mo tún fi kún un pé a kì í fi tipátipá gba irú ẹ̀bùn báyìí: àwọn dókítà yóò bi ẹni tí ó bá fẹ́ fi sílẹ̀ léèrè ní òun nìkan, bí ó bá sì yí ọkàn padà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bí mo ti dákẹ́, àbíkẹ́yìn ìyá náà, ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé kẹfà, dìde. Ó ní: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ tèmi wò. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi." Káfíńtà tí kò sọ̀rọ̀ láti ìpàdé àkọ́kọ́ gbé ojú sókè, ó ní òun kò fẹ́, kí ó jókòó. Ọmọbìnrin náà kò jókòó.

Mo rántí Ronald Herrick.

Nígbà tí mo ń kọ ìwé yìí, àwọn dókítà ṣì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò. A kò tíì mọ̀ bóyá yóò bá ara mu. Bàbá tí ó kọ́kọ́ ní a ó gé ọmọ kan láti lẹ èkejì, òun ni ó ń tẹ̀lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn báyìí, òun ni ó ń gbé báàgì wọn.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ó dùn mí jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nígbà tí ojú ti wú tán, tí ọjà ti jẹ tán, ni ẹbí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè. Òkèèrè ni a ti ń wo igi gogoro. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò nígbà tí ara yín le. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe bí ọjọ́ bá dé, nítorí bàbá Denise Darvall kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ohun tí ó mọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ ni ó sì ràn án lọ́wọ́.

Èmi náà ti ṣe tèmi. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ti ilé ìyá náà dé, mo pe ìyàwó mi àti àbúrò mi, mo ní bí mo bá kú tí ohun kan bá kù lára mi tí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn, kí wọ́n má jẹ́ kí ilẹ̀ jẹ ẹ́. Ìyàwó mi ní: "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Olúwa má jẹ̀ẹ́!" Mo ní: "Àmín. Ṣùgbọ́n ṣé o gbọ́?" Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní òun gbọ́.